Ibi Tí Kernel Fóònù Wa Ti Ṣẹ̀ Wá

Àríyànjiyàn tí kì í tán láàárín àwọn tó ń tún fóònù ṣe l'Adó-Èkìtì ni ti Android àti iPhone: ta ló jí iṣẹ́ ta? Ẹ wọ Settings lórí Android, ẹ wá About phone, ẹ ó rí Kernel version níbẹ̀. Kernel yẹn ló ń pín mẹ́mórì fún áàpù, òun ló sì ń sọ èyí tó máa kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ. Linux ni ti Android, XNU ni ti iPhone. Ọ̀dọ̀ Unix, operating system (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) àtijọ́ kan, ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́.

Multics, operating system mìíràn, ló wà kí Unix tó dé. Bell Labs (ibùdó ìwádìí ilé iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T), yunifásítì MIT àti ilé iṣẹ́ General Electric ló jọ dáwọ́ lé e, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀hún ń pẹ́ jù, Bell Labs sì yọwọ́ lọ́dún 1969. Ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: Ken Thompson àti Dennis Ritchie, òṣìṣẹ́ Bell Labs, mú ohun tó dáa nínú Multics, bíi fódà tó ń bẹ nínú fódà, wọ́n fi wàhálà rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kọ kékeré tiwọn, ìyẹn Unix, sórí kọ̀ǹpútà PDP-7. Lọ́dún 1973 wọ́n fi èdè C tún un kọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè ṣí láti orí ẹ̀rọ kan lọ sórí òmíràn. Nígbà tó dé yunifásítì Berkeley, àwọn yẹn sọ tiwọn di BSD. Àdàlù BSD àti Mach, kernel tí yunifásítì Carnegie Mellon ṣe, ni XNU.

Ìjà ló dùn jù nínú ìtàn yìí. Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amsterdam, gbé Minix, operating system kékeré tó jọ Unix, jáde lọ́dún 1987 láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Orí Minix ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, ti bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Bí Minix ṣe ń to fáìlì gan-an ni Linux àkọ́kọ́ ṣe ń tò ó. Lọ́dún 1992 Tanenbaum bu ẹnu àtẹ́ lù ú, ó ní kernel tó kó gbogbo iṣẹ́ sójú kan ti di ti àtijọ́. Torvalds ò gbà, èsì rẹ̀ sì gbóná. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló jàre. Linux ṣì kó iṣẹ́ sójú kan, àmọ́ ó ti kọ́ bí a ṣe ń so dúráífà (ètò tó ń jẹ́ kí kernel lè lo ẹ̀rọ kan) mọ́ kernel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí a sì ń tú u kúrò. Minix náà ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ṣíìpù Intel, ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù ò tiẹ̀ mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó bá ní Linux lè tẹ cat /proc/meminfo, iye mẹ́mórì á tò wálẹ̀ bí ẹni ń ka fáìlì. Kò sí fáìlì kankan lórí dísìkì o! Ìgbà tó béèrè ni kernel ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́. Bell Labs ló gbé fódà /proc yìí jáde nínú Unix wọn ní àwọn ọdún 1980, Linux sì gbà á, ó mú un gbòòrò.

BPF, ètò kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú kernel, náà rìn jìnnà. Berkeley ni wọ́n ti ṣe é, láti fi sẹ́ dátà orí nẹ́tíwọ̀kì. Linux sọ ọ́ di eBPF, tó lè ṣe ju iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì lọ, lọ́dún 2014. Nígbà tó di 2021, Microsoft, tí ọ̀gá rẹ̀ nígbà kan, Steve Ballmer, pe Linux ní àrùn jẹjẹrẹ ní 2001, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe eBPF fún Windows.