Bí àṣẹ ṣe ń rìn láti Pataliputra: ètò ìjọba Maurya ní Íńdíà ayé àtijọ́

Láti ìlú Patna (Pataliputra àtijọ́) ní ìlà-oòrùn Íńdíà títí dé Kandahar ní Afghanístàn tó bí 2,000 kìlómítà. Ní nǹkan bí ọdún 260 ṣáájú ìbí Jésù, ọba kan ṣoṣo, Ashoka ti ìdílé Maurya, ló ń pàṣẹ fún ìlú méjèèjì. Ẹṣin ló yára jù lọ nínú ohun tó lè gbé ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ nígbà náà, bí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, odò á kún, ọ̀nà á di ẹrẹ̀. Síbẹ̀, ìdílé Maurya jọba fún bí 136 ọdún, láti nǹkan bí 321 títí di nǹkan bí 185. (Ọdún ṣáájú ìbí Jésù ni gbogbo ọdún inú àlàyé yìí, àfi èyí tí a bá sọ pé ó yàtọ̀, ìdí nìyí tí iye wọn fi ń dín kù bí ìtàn ṣe ń lọ síwájú.)

Ogun Ashoka àti àbámọ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ tí wọ́n bá dárúkọ ìjọba yìí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àbámọ̀ kò lè ṣàkóso ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyẹn. Ọ̀nà méjì ló gbé ìjọba náà ró: èyí tí ọkà àti fàdákà ń gbà gòkè wá sí ààfin, àti èyí tí ọ̀rọ̀ ọba ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí abúlé.

Magadha lorúkọ ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní gúúsù odò Ganges, ní ìpínlẹ̀ Bihar òde òní. Ilẹ̀ náà lọ́ràá, ìrẹsì sì ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Irin wà nínú àwọn òkè gúúsù rẹ̀, igbó tó kún fún erin kò sì jìnnà. Ibi tí odò Son ti ya wọ Ganges ni wọ́n tẹ Pataliputra dó sí, èyí tí à ń pè ní Patna lónìí, tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi tó bá ń kó ẹrù gba ibẹ̀ kò lè ṣe kó má fojú kan oníbodè. Àwọn ọba ìdílé Nanda, tó jọba níbẹ̀ ṣáájú Maurya, ló kọ́kọ́ jẹ àǹfààní yìí dé góńgó. Nígbà tí Alexander ará Makedóníà dé etí odò Beas ní 326, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọ̀, wọn ò lọ síwájú mọ́. Lára ìròyìn tó ń dé etí wọn ni pé ọba ìhà Ganges ní erin ogun ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ní nǹkan bí 321, Chandragupta Maurya lé ọba Nanda kúrò lórí ìtẹ́. Ìtàn àwọn ará Íńdíà sọ pé Bírámínì (ọmọ ìran àlùfáà) kan tó ń jẹ́ Chanakya ni olùdámọ̀ràn rẹ̀. Ètò ìṣákọ́lẹ̀ àti ọmọ ogun tí àwọn Nanda ti kó jọ ló bá nílẹ̀, ó sì darí wọn sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ikú Alexander ní 323 ti sọ àfonífojì odò Indus di ilẹ̀ tí kò ní olówó orí. Seleucus, ọ̀gágun Alexander tó jogún apá ìlà-oòrùn, fẹ́ gbà á padà. Wọ́n fi àdéhùn parí ìjà náà ní nǹkan bí 303: Seleucus yọ̀ǹda ilẹ̀ tó pọ̀ ní ibi tí Afghanístàn àti Pakísítánì wà lónìí, ìdílé méjèèjì di àna, Chandragupta sì fún un ní 500 erin. Seleucus kó àwọn erin náà lọ sí ogun Ipsus ní 301, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, wọ́n sì wà lára ohun tó mú kó borí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó gbà kí ọba kan tó lè fi 500 erin lélẹ̀. Inú igbó ni wọ́n ti ń mú erin, lẹ́yìn tó bá ti dàgbà. A ó tù ú lójú, a ó kọ́ ọ, a ó sì wá ẹni tí yóò máa gùn ún, tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn. Lójúmọ́ kan, erin àgbà lè jẹ koríko àti ewé tó ju 100 kìlógíráàmù lọ. Ọba tí kò bá ní àká tó kún kò lè sin ìdá mẹ́wàá wọn.

Ọwọ́ àgbẹ̀ ni àká náà ti ń kún. Megasthenes, Gíríìkì tí Seleucus rán ní aṣojú sí ààfin Chandragupta, kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ ti sọnù, àmọ́ àwọn òǹkọ̀wé tó tẹ̀ lé e ti yọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ lò. Ó sọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wọn ilẹ̀, àti àwọn tí ń ṣọ́ ẹnu omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko, kí ti ẹnì kan má bàa pọ̀ ju ti ẹnì kejì. Ó tún sọ pé àgbẹ̀ kì í lọ sógun. Bí ọmọ ogun bá tiẹ̀ ń jà nítòsí, àgbẹ̀ á máa ro oko rẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án. Gíríìkì náà rí i bí ìwà ọmọlúàbí. Ìṣirò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ẹni tó bá ba oko jẹ́ ti ba owó oṣù ọmọ ogun ọdún tó ń bọ̀ jẹ́.

Ìdá kan nínú mẹ́fà ni ìwé òfin Íńdíà àtijọ́ sábà máa ń pè ní ìpín ọba nínú irè oko. Megasthenes sọ ìdá kan nínú mẹ́rin. Lumbini, ní Nepal òde òní, ni ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn wà. Ashoka, ọmọ ọmọ Chandragupta, lọ síbẹ̀ lẹ́yìn 20 ọdún tí wọ́n fi í jọba, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí Buddha, ẹni tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀. Ó ri òpó òkúta mọ́lẹ̀, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé òun ti mú ìṣákọ́lẹ̀ kan kúrò lọ́rùn abúlé náà, àti pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ni kí wọ́n máa san. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ni pé ọba tó wá jọ́sìn mọ iye tí abúlé kékeré kan ń san. Ẹnì kan ti ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kan.

Ìjọba náà kì í gbà láìná. Ní Girnar, ní Gujarat, Pushyagupta tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ Chandragupta di odò, ó sì sọ ọ́ di adágún Sudarshana fún bíbomi rin oko. Nígbà ayé Ashoka, ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ Tushaspha la ojú ọ̀nà omi sí i. Àkọlé méjì tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ti àkókò Maurya, ọ̀kan lára bàbà ní Sohgaura, èkejì lára òkúta ní Mahasthan ní Bangladesh, sọ nípa ọkà tí wọ́n tọ́jú sí àká ìjọba nítorí ìgbà ìṣòro.

Ọjà náà ní ìpín tirẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Megasthenes ṣe wí, ìgbìmọ̀ mẹ́fà ló ń mójú tó Pataliputra, ẹni márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwọn kan ń bójú tó iṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan ń tọ́jú àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè, àwọn kan ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n bí àti ẹni tó kú sílẹ̀, àwọn kan wà fún òṣùwọ̀n. Ìgbìmọ̀ tó kẹ́yìn ń gba ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí wọ́n bá ta ọjà, ikú sì ni ìyà ẹni tó bá jí nínú rẹ̀. Owó fàdákà pẹlẹbẹ kéékèèké, tó wúwo tó bí gíráàmù mẹ́ta àti ààbọ̀, tí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ márùn-ún lù lójú, ni wọ́n ń ná.

Àwọn kan máa ń mú ìwé Arthashastra bí ẹni pé fáìlì ìjọba Maurya gan-an ni, nítorí pé wọ́n ní Chanakya ló kọ ọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó pẹ́ lẹ́yìn Maurya kó tó rí bó ṣe rí lónìí. Bí ó ṣe yẹ kí ìjọba rí ló ń sọ. Àwọn òkúta tí Ashoka gbẹ́ àṣẹ rẹ̀ sí lára ló yẹ ká gbára lé, torí ọba fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì, èyí tí àṣẹ ń gbà sọ̀kalẹ̀, ló sì wà lára àwọn òkúta náà. Àwọn ọmọ ọba ló ń jókòó sí Taxila ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn, Ujjain ní ìwọ̀-oòrùn, Tosali ní Kalinga, àti Suvarnagiri ní gúúsù. Abẹ́ wọn ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní rajuka wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe àkóso ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, tó sì ní àṣẹ láti dájọ́. Ashoka pàṣẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa rin ìrìn àyẹ̀wò káàkiri ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Láti Ujjain àti Taxila, kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́ta lọ. Ìròyìn náà sì gbọ́dọ̀ padà wá: ó kọ ọ́ pé kí àwọn oníròyìn wá bá òun nígbàkigbà, ì báà jẹ́ pé òun ń jẹun, tàbí òun wà ní yàrá, tàbí òun wà nínú ọgbà.

Ogun Kalinga ló fi hàn án pé ètò yìí kò tó. Ní nǹkan bí 261, ó kọlu ilẹ̀ náà, tó jẹ́ Odisha lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ iye rẹ̀: 150,000 èèyàn ni wọ́n kó lọ, 100,000 ni wọ́n pa, àwọn tó sì kú lẹ́yìn náà pọ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po. Ó kọ ọ́ pé ó dun òun. Ó gbẹ́ ọ̀rọ̀ yìí sára àpáta ní ọ̀pọ̀ ibi, títí dé ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n ní Dhauli àti Jaugada tó wà ní Kalinga gan-an, kò sí níbẹ̀. Dípò rẹ̀, àṣẹ sí àwọn òṣìṣẹ́ Tosali àti Samapa ló wà níbẹ̀: ọmọ mi ni gbogbo èèyàn, ẹ má ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n láìnídìí, ẹ má fi ìlara, ìbínú, ìwàǹwára tàbí ìmẹ́lẹ́ dájọ́. Ó ní kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ náà sókè ní ọjọ́ tí ìràwọ̀ Tishya bá yọ, pé láàárín ìgbà náà pẹ̀lú, wọ́n lè kà á kódà bó jẹ́ ẹnì kan péré ló fẹ́ gbọ́.

Ìlà yẹn ló ṣàlàyé bí àpáta ṣe ń ṣiṣẹ́. Èèyàn díẹ̀ ló mọ̀wé. Òkúta kàn ń dúró síbẹ̀ kí òṣìṣẹ́ tó ń kà á má bàa yí ọ̀rọ̀ ọba padà ni, kí ẹni tó bá sì rọ́pò rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ kan náà níbẹ̀. Ìkọ̀wé Brahmi ni wọ́n lò níbi tó pọ̀ jù, Kharosthi ní Shahbazgarhi àti Mansehra ní Pakísítánì òde òní, èdè Gíríìkì àti Aramaic ní Kandahar. Ní Karnataka, ní gúúsù Íńdíà, èdè Prakrit ti àríwá ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè àwọn ará ibẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà òǹkàwé ní láti jẹ́ ògbufọ̀ pẹ̀lú.

Láti ọdún kẹtàlá lẹ́yìn tí wọ́n yàn án, Ashoka tún fi àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn kún un, dhamma-mahamatta (alábòójútó ìwà rere), tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gba tálákà, arúgbó àti ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnira, láàárín gbogbo ẹ̀sìn. Ó fún ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ní ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn ìbátan rẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀. Ó gbẹ́ kànga, ó gbin igi ìbòji sí ojú ọ̀nà. Ó kọ ọ́ pàápàá pé nínú ilé ìdáná òun, ẹran mẹ́ta péré ni wọ́n ń pa lóòjọ́, ẹyẹ ọ̀kín méjì àti àgbọ̀nrín kan, àti pé àgbọ̀nrín náà kì í ṣe ojoojúmọ́. Inúure ni, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ó tún jẹ́ ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ ọba fi wọ ilé tí agbowó-orí kò lè wọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ àbámọ̀ Kalinga kan náà, ó kìlọ̀ fún àwọn ará inú igbó pé òun ṣì ní agbára láti fìyà jẹ wọ́n.

Ìkìlọ̀ yẹn jẹ́ ká mọ ibi tí àṣẹ ti ń tán. Ilẹ̀ Maurya lórí àwòrán máa ń hàn bí ohun kan ṣoṣo tí kò ní àlàfo, ṣùgbọ́n etí odò, ojú ọ̀nà ńlá àti àyíká ìlú àwọn ajẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ ọba ti le. Igbó tó wà láàárín ń ṣe tirẹ̀. Ìjọba Chola àti Pandya ní ìpẹ̀kun gúúsù kò sí lábẹ́ rẹ̀ rárá. Aládùúgbò ni Ashoka pè wọ́n.

Ashoka kú ní nǹkan bí 232. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò pẹ́ lórí ìtẹ́, ó sì lè jẹ́ pé nígbà tí òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò kò lọ déédéé mọ́, ọkà àti fàdákà dúró sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 185, Pushyamitra Shunga, olórí ogun, pa ọba Maurya tó kẹ́yìn, Brihadratha, níbi tó ti ń wo àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Àwọn Gíríìkì láti Bactria, ní ìhà àríwá Afghanístàn òde òní, gba Taxila, Kalinga ní ọba tirẹ̀ láìpẹ́, ìdílé Satavahana dìde ní gúúsù, Shunga sì di àárín gbùngbùn Ganges àti agbègbè rẹ̀ mú.