Orin ọdún 1992 tó gba Kérésìmesì 2009 mọ́ X Factor lọ́wọ́

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹni tó bá borí nínú X Factor, ìdíje orin kíkọ orí tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba tí wọ́n ṣe títí di 2018, fi máa ń gba ipò kìíní lórí àtẹ orin tó tà jù níbẹ̀ nígbà Kérésìmesì?

Ìdáhùn: Wọ́n mọ ọjọ́ dá ni. Nígbà yẹn, oṣù Kejìlá ni àṣekágbá ìdíje náà máa ń bọ́ sí, orin ẹni tó borí á sì ti wà ní sẹpẹ́ kí wọ́n tó kéde orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ti ń fi fóònù dìbò fún un láti ọjọ́ yìí wá náà ló máa ń sáré lọ rà á. Ẹgbẹ́ olórin Girls Aloud ló kọ́kọ́ lànà yìí ní 2002, láti inú Popstars: The Rivals, ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n mìíràn. X Factor ló wá sọ ọ́ di oko baba ẹ̀: Shayne Ward ní 2005, Leona Lewis ní 2006, Leon Jackson ní 2007, Alexandra Burke ní 2008. Ọdún mẹ́rin léraléra!

Ìbéèrè: Ta ló wá dá wọn dúró ní 2009?

Ìdáhùn: Tọkọtaya kan lórí Facebook. Ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn, ni wọ́n bá ní kí ẹni tó bá sú bíi tiwọn lọ ra "Killing in the Name" ti Rage Against the Machine. Orin rọ́ọ̀kì ọdún 1992 ni, èébú ló kún inú rẹ̀, kò sì bá Kérésìmesì tan rárá. Ó tà ju 500,000 lọ. Nǹkan bí 50,000 ló fi ju ti Joe McElderry, ẹni tó borí nínú X Factor lọ́dún náà, lọ.

Ìbéèrè: Báwo lorin àtijọ́ ṣe tún padà sórí àtẹ?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, bí kò bá sí àwo orin ní ṣọ́ọ̀bù, kò lè wọ àtẹ. Àwọn tó ń tẹ àwo ló láṣẹ. Láti oṣù Kìíní 2007, èyí tí èèyàn rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ti tó. Bí èrò bá ṣáà ti pọ̀, wọ́n lè jí òkú orin dìde. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé abẹ́ ilé iṣẹ́ orin Sony ni orin méjèèjì wà: àwọn tó ń bá Simon Cowell, ọ̀gá X Factor, jà kàn ń kówó lọ fún ilé kan náà ni. McElderry sì gba ipò kìíní náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ṣé agbára X Factor tán níbẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Matt Cardle gbà á ní 2010, Sam Bailey ní 2013, Ben Haenow ní 2014. Àmọ́ 2014 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ iye tó tà, orin àtijọ́ tí gbogbo ilé ń gbọ́ lọ́dọọdún sì wá ń lágbára sí i. "Last Christmas" ti Wham!, tó ti jáde láti 1984, ló gba Kérésìmesì 2023, òun náà ló tún gba ti 2024.