Pèrègún Kì í Tètè Kú, Ṣùgbọ́n Omi Àpọ̀jù Ń Pa Á

Láti ayé àwọn baba wa, yálà ní Ìlọrin tàbí lọ́dọ̀ àwọn Ìgbómìnà ní Òmù-Àrán, pèrègún ni a fi ń pààlà ilẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé bá wá ra òdòdó lọ́gbà mi, òdòdó òkè òkun ni ojú rẹ̀ máa ń lọ sí, kò sì mọ̀ pé pèrègún ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí kan náà ni àwọn ará Yúróòpù ń gbìn sínú ìkòkò ní pálọ̀. Ewé rẹ̀ gùn, ó ń dán, bí ó bá sì tanná, òdòdó funfun kéékèèké rẹ̀ a máa ta sánsán lálẹ́. Nítorí gbogbo wa mọ̀ pé kì í tètè kú, bó ṣe wuni làwọn ènìyàn ń ṣe é. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá hàn mí, ìdí wọn ló jẹrà.

Bí ẹ bá fẹ́ fi igi pèrègún gbin tuntun, ẹ gé e lára igi ìyá, ìyẹn pèrègún tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ le, níbi tó nípọn tó àtàǹpàkò, tí kò tutù yọ̀yọ̀, tí kò sì gbó jù. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká. Ojú ibi tí ewé ti wọ́ ni. Òkè òrùka wọ̀nyí ni ojú tí yóò rú fara pamọ́ sí. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ fi gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, nítorí àdá tí kò mú máa ń fọ́ igi náà, ibi tó fọ́ sì ni ìjẹrà ń gbà wọlé. Mo máa ń gé ìdí rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí n má baà dorí rẹ̀ kodò nígbà tí mo bá ń rì í. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tí ìlà àwọ̀ ìyeyè wà láàárín ewé rẹ̀, igi ni kí ó gé, nítorí ìlà náà kì í sábà tẹ̀lé èso.

Ẹ má ṣe gbìn ín lọ́jọ́ náà. Ẹ fi í sí ibòji fún ọjọ́ méjì kí ojú ọgbẹ́ náà lè gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ po iyanrìn odò mọ́ ilẹ̀ dúdú ní dọ́gbadọ́gba, láìfi ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí i, kí ẹ sì dà á sínú ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ẹ ti lu ìdí rẹ̀. Ìdámẹ́ta igi náà ni kí ó wọlẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin ogójì igi pèrègún, mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo fọwọ́ tẹ ìdí ọ̀kan, èèpo rẹ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, òórùn kíkan ń jáde nínú rẹ̀. Díẹ̀ ló yè, ó sì dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, n kì í bomi rin ín àfi bí mo bá ki ìka bọ ilẹ̀ rẹ̀ tí mo rí i pé ó ti gbẹ wọnú.

Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin, ni mo fẹ́ràn jù; ọyẹ́ máa ń fa omi ara rẹ̀ gbẹ kí gbòǹgbò tó jáde. Abẹ́ igi máńgòrò tó o, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ewé lè kọ́kọ́ yọ, nítorí oúnjẹ wà nínú igi náà tí yóò fi rú, nítorí náà ẹ má ṣe fà á tu láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dúró títí gbòǹgbò yóò fi yọjú níhò ọ̀rá.

Orí tó léwé tí ẹ gé kúrò náà ṣe é gbìn, bí ẹ bá ti já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ti kùkùté igi ìyá, ẹ má ṣe hú u: láàárín oṣù díẹ̀, orí méjì tàbí mẹ́ta yóò rú lábẹ́ ojú ibi tí ẹ ti gé e, yóò sì bo ẹ̀gbẹ́ ògiri ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.