Eku ló ń pe ejò wọlé

Ejò tó wọ ilé kò wá ènìyàn wá. Eku ló ń wá. Bí kò bá sì jẹ́ eku, á jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ṣọ́ kòkòrò lábẹ́ iná ìta, tàbí ẹyin inú àgò adìẹ. Ahọ́n tó ń yọ síta tó ń fà wọlé yẹn ló fi ń kó òórùn lọ bá ẹ̀yà ara kan ní àjà ẹnu rẹ̀, nítorí náà ipa tí eku tọ̀ lóru, ejò lè tọ̀ ọ́ dé ibi tí àpò èlùbọ́ wà.

Ara ejò kì í dá ooru ṣe fúnra rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, abẹ́ òkìtì búlọ́ọ̀kù, igi ìdáná tàbí páànù àlòkù ló ń sá sí. Bí òjò bá wá kún ihò rẹ̀, á wá ibi gbígbẹ, ilé ló sì sábà máa ń sún mọ́ ọn jù.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún ejò. Àlàfo tí pẹ́ńsù lè gbà kọjá, nǹkan bíi mìlímítà 6, ti tó ejò kékeré. Abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kí a kọ́kọ́ wò: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀nà ti wà. Rọ́bà ìdí ilẹ̀kùn ló ń dí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ihò tí omi balùwẹ̀ ń gbà jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé fi sílẹ̀ gbayawu. Nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kéré ni kí a fi bò ó. Símẹ́ǹtì ni ti ògiri tó là. Kí a gé ẹ̀ka máńgòrò tó bá kan òrùlé, torí àwọn ejò kan mọ igi gùn dáadáa.

Òórùn tí àwọn ènìyàn fi ń lé ejò ńkọ́? Wọ́n dán imí-ọjọ́ àti káńfọ̀ wò lára ejò, ó ń gba orí wọn kọjá. Kẹrosín tí a wọ́n yí ilé ká, òjò kan ló máa fọ̀ ọ́ lọ. Ohun tó dùn mí nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó wọ́n ọn á fi ọkàn balẹ̀, á sì fi ihò sílẹ̀. Káńfọ̀ tún jẹ́ májèlé fún ọmọdé tó bá gbé e mì.

Bí ejò bá ti wà nínú yàrá, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹnì kan máa wò ó láti òkèèrè títí ẹni tó mọ̀ ọ́n mú á fi dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fara gba oró níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti fi igi pa á. Bó bá sì bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí a má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí a má fi okùn dì í pinpin. Kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà má mira, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò.