Bí std::copy ṣe dé inú C++

Ní ọjà Kábà, bí ìyá onígààrí bá da àpò kan sínú báàfù, àpò ti ṣófo nìyẹn. Ti kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Igbá àkọ́kọ́ ṣì kún, ìkejì náà sì kún. Àdàkọ ni, kì í ṣe dídà. Iṣẹ́ tí std::copy ń ṣe nìyẹn nínú C++, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà; igbá ni mo pe ohun tí ètò ń kó ẹrù, ìyẹn dátà, sí.

Nínú èdè C, tí C++ ti jáde, memcpy ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n báìtì nìkan ló mọ̀. Bí ẹrù bá tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹyin inú kíréètì, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ list ni, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó sí ibi tirẹ̀ tó kàn ń tọ́ka sí èyí tó kàn, memcpy ò lè rí ọ̀nà gbà. Igbá kọ̀ọ̀kan wá ní kóòdù àdàkọ tirẹ̀.

Alexander Stepanov, onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n bí ní Moscow ní 1950, ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun àti David Musser ti kọ́kọ́ dán kóòdù tó lè bá oríṣiríṣi igbá mu wò nínú èdè Ada, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn. Nígbà tó yá, òun àti Meng Lee kọ STL, àkójọ irú kóòdù bẹ́ẹ̀ tí copy wà nínú rẹ̀, sínú C++ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà HP. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé copy kò ní mọ igbá rárá. Iterator ló mọ̀, bí ìka tó ń tọ́ka: ibí ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ibí ni kí o dúró, ọ̀hún ni kí o kó o sí. Ìka ìkejì kì í tọ́ka sí ẹrù tó kẹ́yìn o, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń tọ́ka sí.

Ní November 1993, Stepanov gbé e síwájú ìgbìmọ̀ C++ ní San Jose. Ní July 1994, wọ́n gbà á wọlé, ó sì wọ ìwé òfin èdè náà ní 1998. Copy_if, tó ń ṣa ẹrù tí a bá fẹ́ nìkan, kò bá wọn wọlé. Àṣìṣe ni wọ́n fi yọ ọ́, ó di 2011 kó tó dé. Ọdún 13 gbáko!

Lọ́jọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ da ẹrù igbá a kọ sínú igbá b, ó kọ èyí:

copy(a.begin(), a.end(), b.begin());

Ètò náà kú lójú ẹsẹ̀.

"Bọ̀dá, kí ni mo ṣe?"

Mo ní b ò ní àyè kankan nínú, àti pé copy tí kò mọ igbá ò lè fẹ igbá. Mo ní kó fi back_inserter(b) rọ́pò b.begin(), kí ẹrù kọ̀ọ̀kan máa wá àyè tirẹ̀ bó ṣe ń dé. Ó ṣe é, ó ṣiṣẹ́. Ó wá wò mí.

"Ṣé mi ò kàn lè kọ b = a ni?"

Mo ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, níwọ̀n bí méjèèjì ti jẹ́ vector, igbá tí ẹrù ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀, irú kan náà. Ó pa gbogbo ìlà yẹn rẹ́.