Bí Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Orí Òkè Ṣe Ń Wà Láìbàjẹ́ ní Igbó Ìjọba White Mountain

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé White Mountain National Forest ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, lè rò pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ló la àwọn ọ̀nà tóóró tó gba inú igbó lọ sórí òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn ló ń tọ́jú wọn lọ́dọọdún, omi sì ni wọ́n ń bá jà jù.

Omi náà ló mú kí igbó ọ̀hún di ti ìjọba. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, àwọn oníṣòwò gẹdú gbé rélùwéè wọ àárín òkè, wọ́n gé igi lọ bẹẹrẹbẹ, iná sì ń jó ẹ̀ka tí wọ́n fi sílẹ̀. Òkè tó ti pá kò lè gba òjò dúró. Omi ń ya wọ odò Merrimack, bẹ́ẹ̀ odò yẹn ni àwọn iléeṣẹ́ ìhunṣọ ìlú Manchester, ní New Hampshire níbẹ̀, gbójú lé. Ní 1911 ni òfin Weeks Act jáde, tó fún ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí orísun àwọn odò tí ọkọ̀ ń gbà má bàa bàjẹ́. White Mountain di igbó ìjọba ní 1918. Abẹ́ Iléeṣẹ́ Ọ̀gbìn ló wà títí dòní, kò sí lábẹ́ àwọn tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ bíi Yellowstone, níbi tí wọn kì í ti í gé igi tà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé igi tà lápá kan rẹ̀, tí wọ́n ń ṣọdẹ lápá mìíràn, tí àwọn tó ń gun òkè sì ń gba àárín wọn kọjá.

Àwọn ọ̀nà kan ti wà kí ìjọba tó dé. Abel Crawford àti ọmọ rẹ̀, Ethan, la Crawford Path ní 1819, wọ́n sì ń rìn ín títí di òní. Appalachian Mountain Club, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876, la ọ̀pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn aṣáájú yẹn kì í fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ òkè ká. Gbọnrangandan ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ ọ̀nà lọ sókè. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó bá dà tààrà láti orí òkè, omi òjò àti omi yìnyín tó yọ́ á gbà á lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀. Á gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ, gbòǹgbò igi á yọ síta, òkúta lásán ló máa kù.

Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i kò le, ó kàn gba agbára ni. Wọ́n á ri òkúta tàbí ìtì igi mọ́lẹ̀ dábùú ọ̀nà, ní ìdagun, kí orí kan rẹ̀ ga ju èkejì lọ. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí apá òkè rẹ̀. Omi tó ń bọ̀ á kọ lù ú, á sì yà wọ inú igbó. Bí ilẹ̀ bá ṣe dà tó ni wọ́n ṣe ń tò wọ́n súnmọ́ra tó. Àmọ́ tí ewé bá ti wọ́ nígbà ìwọ́wé, kòtò á dí, omi á fò ó kọjá, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ á sì bàjẹ́ láàárín òjò díẹ̀. Ẹni tó gbé ọkọ́ ló ń gba ọ̀nà là. Àwọn tó ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀ pọ̀: oníkálukú gba apá kan ọ̀nà bíi tirẹ̀, á máa kó ewé kúrò nínú kòtò, á máa gé ẹ̀ka tó yọ sójú ọ̀nà. Iṣẹ́ ńlá ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ kọjá láì mọ̀ pé ó wà. Tí igi bá wó dí ọ̀nà nínú Pemigewasset Wilderness, apá igbó náà tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà, tí òfin 1964 lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi ẹ̀rọ léèwọ̀ níbẹ̀, ayùn ọlọ́wọ́ tí èèyàn méjì ń fà ni wọ́n fi ń gé e.

Àmì ọ̀dà lára igi ló ń júwe ọ̀nà. Funfun ni ti Appalachian Trail, ọ̀nà gígùn tó lọ láti Georgia dé Maine: ínǹṣì 2 ní ìbú, 6 ní gígùn. Òmíràn lè jẹ́ búlúù tàbí yẹ́lò. Àmì méjì tó wà lórí ara wọn ń kìlọ̀ pé ọ̀nà fẹ́ yà. Níbi tí igi bá tán, nǹkan bí 4,500 ẹsẹ̀ bàtà sókè, òkìtì òkúta ló gba ipò ọ̀dà, kí ẹni tó wà nínú kùrukùru lè máa ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ to tirẹ̀ síbẹ̀; òkìtì kan tó wà níbi tí kò yẹ lè ṣi èèyàn lọ́nà. Orí Mount Washington, 6,288 ẹsẹ̀ bàtà, ni wọ́n ti wọn ìjì tó ń sáré 231 máìlì ní wákàtí kan ní April 12, 1934, kò sì sí oṣù tí yìnyín kò lè bọ́ níbẹ̀.

Nítorí èyí ni wọ́n fi ń ṣírò àkókò kí wọ́n tó gbéra. Máìlì kan gba ìdajì wákàtí, wọ́n á sì fi ìdajì wákàtí mìíràn kún un fún gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tí wọ́n bá gùn. Ọ̀nà Tuckerman Ravine lọ sórí Mount Washington jẹ́ máìlì 4.2, ìgùnkè rẹ̀ tó 4,250 ẹsẹ̀ bàtà: wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú márùn-ún-dín-lógún nìyẹn, láìka ìsinmi àti ìpadàbọ̀. Ẹni tó bá gbéra lọ́sàn-án láì mú tọ́ọ̀ṣì dání, òkùnkùn máa ká a mọ́ inú igbó.

Nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, ní April wọ May, ẹrẹ̀ á gba ojú ọ̀nà. Àárín ẹrẹ̀ gan-an ni kí èèyàn gbà, kí bàtà rọra dọ̀tí. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ á tẹ ewéko pa, ọ̀nà á fẹ̀ sí i, òkúta tí wọ́n rì dábùú rẹ̀ kò ní gùn tó mọ́. Omi á gba ẹ̀gbẹ́ òkúta náà yà kọjá, àwọn tó ń tọ́jú ọ̀nà á sì tún wá òkúta tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ wá.