Ìdí tí wọ́n fi ń sọ ara títáníọ́mù di ṣákiṣàki kí wọ́n tó gbé e sínú eegun

Ìbéèrè: Ta ló kọ́kọ́ rí i pé eegun máa ń dì mọ́ títáníọ́mù, irin tí wọ́n fi ń ṣe gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá?

Ìdáhùn: Per-Ingvar Brånemark, dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Sweden, ni. Ní 1952, ó gbé ohun èlò kékeré tí a fi títáníọ́mù ṣe sínú eegun ẹsẹ̀ ehoro, kí ó lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ yọ ọ́, eegun ti dì í mú pinpin. Ní 1965 ni ó kọ́kọ́ fi irin náà ṣe gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá fún ènìyàn.

Ìbéèrè: Bí eegun bá ń dì mọ́ ọn fúnra rẹ̀, kí ni wọ́n tún ń yọ ara irin náà lẹ́nu sí?

Ìdáhùn: Nítorí àkókò ni. Láyé ìgbà tí irin náà ṣì jọ̀lọ̀, aláìsàn a máa dúró fún nǹkan bí oṣù 3 bí ó bá jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀, àti oṣù 6 bí ó bá jẹ́ ti òkè, kí wọ́n tó de eyín lé e.

Ìbéèrè: Báwo ni ara ṣákiṣàki ṣe ń mú un yá?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi í wé bíríkìlà tí ń ṣá ògiri kí sìmẹ́ǹtì lè dì mọ́ ọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni, nítorí pé sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ohun alààyè. Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kan irin náà. Ó ń dì, ó sì ń ta okùn tíntìntín káàkiri. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá ti ń sún kì, àwọn okùn yìí a máa yọ̀ kúrò lára irin tó jọ̀lọ̀, ṣùgbọ́n wọn a rí ibi dì mú lára èyí tó rí ṣákiṣàki. Ojú okùn wọ̀nyí ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń mọ eegun ń tọ̀ dé ara irin, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ gan-an, dípò kí eegun tuntun máa rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ eegun àtijọ́.

Ìbéèrè: Kí ni wọ́n fi ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ tó lágbára fẹ́ èérún líle lù ú, kí wọ́n sì rì í sínú ásíìdì lẹ́yìn náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí eegun rẹ̀ dára lè dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 péré.

Ìbéèrè: Ṣé bí ó bá ṣe rí ṣákiṣàki tó ni ó ṣe dára tó?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìwọ̀n ọ̀kan sí méjì nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ fara mọ́ pé kí gíga ṣákiṣàki náà jẹ́. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kòkòrò àrùn a rí ibi sá pamọ́ sí bí ẹran ìdí eyín bá sún sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi ọrùn irin náà, níbi tó ti kan ẹran ìdí eyín, sílẹ̀ ní jíjọ̀lọ̀.